Bí A Ṣe Ń Fi Yìnyín Ṣe Ohun Oníhò Wẹ́wẹ́ ní Ipò Àìwúwo

Ohun oníhò wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a ń rán lọ sí gbalasa òfuurufú ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Nínú páìpù kan tí ń gbé ooru kúrò lára ẹ̀rọ sátẹ́láìtì, níkẹ́ẹ̀lì tàbí taiténíọ̀mù oníhò ni ó ń fa ohun ṣíṣàn inú páìpù náà padà síbi tó gbóná, láìlo pọ́ǹpù kankan. Ní Ibùdó Òfuurufú Àgbáyé tí a mọ̀ sí ISS, síólàìtì, irú òkúta oníhò kan tí ihò inú rẹ̀ kò ju ohun tí ó lè gba ẹyọ káábọ́nù dàọ́ksáídì lọ púpọ̀, ni ẹ̀rọ fi ń mú gáàsì yìí kúrò nínú èémí tí àwọn arìnrìn-àjò inú rẹ̀ ń mí síta. Sílíkà aerogel, ohun oníhò kan tí ó fúyẹ́ gan-an, ni a fi dáàbò bo ẹ̀rọ inú Spirit àti Opportunity, ọkọ̀ méjì tí ó rìn lórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, lọ́wọ́ òtútù ibẹ̀, òun náà sì ni ọkọ̀ Stardust fi gba eruku ìràwọ̀ onírù tí ń jẹ́ Wild 2, tí ó sì gbé e padà wá sáyé ní oṣù kìíní ọdún 2006.

Orí ilẹ̀ ni a ti ṣe gbogbo ìwọ̀nyí. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín wà fún ẹgbẹ́ olùwádìí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀ níbi tí ìwúwo ti pòórá, kí ó lè mọ ohun tí òòfà ilẹ̀ ń bà jẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mú nínú ọ̀pọ̀: kí a po ìyẹ̀fun álúmínà (ohun líle bí amọ̀ sísun, tí alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn para pọ̀ di) mọ́ omi, kí a mú kí ó dì, kí a yọ yìnyín inú rẹ̀ kúrò láì jẹ́ kí ó yọ́, kí a sì sun èyí tó kù nínú ìléru. Ibi tí yìnyín wà tẹ́lẹ̀ ni ihò yóò wà. Mo yan ọ̀nà yìí nítorí pé omi ni a ń lò, kò sí májèlé nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò ga, ó sì ṣeé pín sí méjì: apá kékeré tí òòfà ilẹ̀ ń dá sí, àti apá ńlá tí kò kàn án rárá. Apá kékeré yẹn nìkan ni ó yẹ kí ó fò.

Ohun tí ipò àìwúwo ń yí padà

Kì í ṣe pé òòfà ilẹ̀ kò dé ibi tí ISS wà. Ní nǹkan bí kìlómítà 400 sókè, ó ṣì tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 èyí tí ó wà nílẹ̀; ṣùgbọ́n ibùdó náà àti ohun gbogbo inú rẹ̀ jọ ń já bọ́ yí ayé ká ni, kò sì sí ohun tí ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni èyí ń yí padà nínú àpòpọ̀ wa. Hóró ìyẹ̀fun kì í rì mọ́. Omi tó fúyẹ́ kì í gòkè kí èyí tó wúwo sì wálẹ̀. Hóró afẹ́fẹ́ kì í léfòó. Méjì àkọ́kọ́ wúlò fún wa, ẹ̀kẹta ni ọ̀tá, ẹni tí kò bá sì múra sílẹ̀ fún un kò ní jẹ èrè méjì tó kù.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ bí rírì ṣe ń rí: kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹ̀fun á ti kó jọ sísàlẹ̀, omikan á sì dá dúró lókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni álúmínà ń ṣe. Ìyára rẹ̀ ni ó yàtọ̀, ó sì ṣeé ṣírò. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà. Hóró álúmínà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 1, bí ó bá dá wà nínú omi lásán, yóò máa rì ní nǹkan bí máíkírómítà 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 6 ní wákàtí kan. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ máíkírómítà 0.3, nǹkan bí ìdajì mìlímítà ni yóò rì ní wákàtí náà. Ṣùgbọ́n hóró taiténíọ̀mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 20 yóò rì tó mìlímítà 45 ní ìṣẹ́jú kan péré, nítorí pé bí ìbú hóró bá di ìlọ́po méjì, ìyára rírì rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ jókòó ṣírò kí ó tó béèrè fún àyè nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ìyẹ̀fun rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 0.3, tí àpòpọ̀ rẹ̀ sì ń dì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò nílò ipò àìwúwo nítorí rírì. Ohun tí yóò rí kọ́ níbẹ̀ ni bí omi ṣe ń yí po níwájú yìnyín, àti bí hóró tí yìnyín ń tì síwájú ṣe ń kó jọ. Ẹni tí ń lo ìyẹ̀fun taiténíọ̀mù ńkọ́? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, rírì gan-an ni ìṣòro, kò sì sí ọgbọ́n púpọ̀ tí ó lè dá a dúró nílẹ̀ ju kí ó mú kí omi náà ki.

Yíyan ibi tí a ó ti ṣe é

Ìṣirò tí ń yan ibẹ̀ kò le: iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìwúwo fi pòórá, ní ìlọ́po ìyára tí yìnyín fi ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí a mú máíkírómítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé ìyára tó dára fún álúmínà nìyẹn.

Ní ìlú Bremen ní Jámánì, ilé-ìṣọ́ kan wà tí a ń pè ní ilé-ìṣọ́ ìjábọ́ ZARM, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 146. A ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù gígùn inú rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí àpótí ìwádìí já bọ́ nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4.74, bí a bá kọ́kọ́ ta á sókè láti ìsàlẹ̀, ó lè tó 9.3. Yìnyín kò ní ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ láàárín ìyẹn. Bàálù Airbus A310 tí ń gbéra láti Bordeaux ní Faransé máa ń ṣe ìfò bìrìpó 31 nínú ìrìn kan, ìyẹn ni pé ó ń gòkè, ó sì ń já wálẹ̀ bí òkúta tí a sọ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fúnni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 22, tí yìnyín yóò fi kúrú sí ìdajì mìlímítà. Ṣáájú àti lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun gbogbo inú bàálù á wúwo tó ìlọ́po 1.8, ìyẹn sì lè da ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò rú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì TEXUS, tí wọ́n ń ta sókè láti Esrange nítòsí Kiruna ní Sweden, ń fúnni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, èyí tí ó tó mìlímítà 7. Lórí ISS, àkókò kì í ṣe ìṣòro mọ́. Ìwé àṣẹ àti owó ni.

Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tí ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ lépa àti gbé ohun tó parí bọ̀. Kí ó lo ilé-ìṣọ́ tàbí bàálù láti fi kámẹ́rà wo bí ojú yìnyín ṣe ń rìn, nítorí pé àwòrán tó mọ́ kedere fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án lè kọ́ni ju òkúta kékeré kan tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ọ̀rọ̀ gbalasa òfuurufú ní ètò kan tí ń jẹ́ DropTES, tí a dá sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè dé ilé-ìṣọ́ Bremen. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nítòsí ibùdó ẹ̀kọ́ òfuurufú ti ilẹ̀ Áfíríkà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ibi tí wọ́n ti lè béèrè bí a ṣe ń kọ irú ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi clinostat rọ́pò ilé-ìṣọ́ tàbí bàálù o. Ẹ̀rọ tí ń yí irúgbìn po láìdúró yẹn dára fún gbòǹgbò ewéko, nítorí pé gbòǹgbò kì í mọ ìhà tí ilẹ̀ wà mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yí àpòpọ̀ ṣíṣàn po, a kò mú ìwúwo kúrò, ṣe ni a kàn ń ro àpòpọ̀ náà.

Pípo àpòpọ̀

Fún mìlílítà 100 àpòpọ̀, ẹ wọn gíráàmù 79 ìyẹ̀fun álúmínà tí hóró rẹ̀ wà láàárín máíkírómítà 0.3 sí 0.4, àti mìlílítà 80 omi tí a ti sè tí a sì gba oru rẹ̀ dì padà. Bí a bá wò ó ní ti àyè tí ó gbà, ìdá 20 nínú 100 ni álúmínà náà kó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ti ìwúwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹ fi ohun tí kì í jẹ́ kí hóró lẹ̀ mọ́ ara wọn kún un. Ammonium polymethacrylate ni a sábà ń lò, kí ó tó ìdá kan nínú 100 ìwúwo ìyẹ̀fun, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 0.8. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nǹkan bí gíráàmù 1.2 PVA (polyvinyl alcohol, tí ń so hóró pọ̀ bí àtè) sí i, tí a ti kọ́kọ́ yọ́ nínú díẹ̀ lára omi náà ní 80 sí 90°C, kí ohun tí a bá mú jáde lẹ́yìn tí yìnyín bá lọ má baà wó dànù lọ́wọ́ ẹni. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò ẹ̀rọ tí ń yí pẹ̀lú àwọn hóró sirikóníà líle, kí ó yí fún wákàtí 12 sí 24.

Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń kánjú ṣe jù ni yíyọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò, òun gan-an sì ni kò yẹ ká kánjú sí. Nílẹ̀, hóró afẹ́fẹ́ tí a kò rí yóò gòkè lọ fúnra rẹ̀. Níbi tí kò sí ìwúwo, ibi tí ó bá wà ni yóò dúró sí títí yìnyín yóò fi dé bá a, tàbí kí ó máa rìn lọ síbi tó gbóná, nítorí pé agbára tí ó di ojú omi mú ń dín kù níbi tí ooru bá wà, ìyàtọ̀ yìí sì ń fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóró afẹ́fẹ́ náà. Ìṣàn yìí ni a fi orúkọ Carlo Marangoni ará Ítálì pè. Nínú ìwádìí kan tí Richard Grugel ti NASA ṣètò, tí Peggy Whitson sì bá a ṣe lórí ISS ní ọdún 2002, wọ́n yọ́ succinonitrile, ohun kan tí ó mọ́ gaara tí ó sì ń dì bí irin, wọ́n sì fojú rí i bí hóró afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń lọ sí ìhà tó gbóná. Nítorí náà, ẹ fi àpòpọ̀ sínú ìkòkò tí a ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ̀rọ ríru-pẹ̀lẹ́ sì máa rò ó lọ́wọ́ kan náà, títí ojú rẹ̀ kò fi ní ta ìfófòó mọ́. Ẹ dá a dúró, kí ẹ sì tún un ṣe. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ ńlá bù ú sínú àpótí dídì, kí afẹ́fẹ́ àpótí náà lè ráyè jáde lókè.

Àpótí àti dídì

Àpótí tí mo máa ń dámọ̀ràn kò tóbi: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọ́pà tí a so mọ́ àwo Peltier, tí iná mànàmáná ń mú tutù, ògiri rẹ̀ jẹ́ Teflon tí kì í gbé ooru kọjá kíákíá, fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ ike polycarbonate. Ẹ má ṣe lo dígí, nítorí àfọ́kù rẹ̀ tí ń fò káàkiri níbi tí ènìyàn ti ń mí jẹ́ ewu tí kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Omi ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 nígbà tí ó bá di yìnyín, àpòpọ̀ wa yóò sì wú ní nǹkan bí ìdá 7. Ẹni tó bá fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lókè fún wíwú yìí ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìṣàn Marangoni, àpòpọ̀ pàápàá sì lè ká lọ sí ìhà tí a kò fẹ́. Nítorí náà, rọ́bà rírọ̀ ni kí ẹ fi bo òkè rẹ̀, kí ó kan àpòpọ̀ náà pẹ́kípẹ́kí, kí ó sì lè wú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi wáyà tínínrín mẹ́ta tí ń wọn ooru sí ara ògiri, ní mìlímítà 2, 5 àti 8 láti orí kọ́pà.

Ìyára yìnyín ní ààlà méjì. Bí ó bá lọ́ra jù, yóò máa ti gbogbo hóró síwájú lápapọ̀, kò sì ní sí ihò kankan. Bí ó bá yára jù, yóò gbé gbogbo wọn mì bí wọ́n ṣe wà. Láàárín méjèèjì ni yìnyín ti ń yọ jáde ní ìpele pẹrẹsẹ tí ó tò síra, tí ó ń ti hóró sí ẹ̀gbẹ́, àwọn hóró tí a tì sí ẹ̀gbẹ́ yìí ni yóò sì di ògiri láàárín ihò àti ihò. Láàárín ààlà náà, bí ìyára bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń tínínrín sí i. Ẹ rántí pé yìnyín tí ó ti dì ń dí òtútù lọ́wọ́ láti dé iwájú, nítorí náà, bí ẹ bá fi kọ́pà sílẹ̀ ní ìwọ̀n òtútù kan, ìyára á máa dín kù bí yìnyín ṣe ń nípọn. Ẹ ní láti máa mú kí kọ́pà náà tutù sí i díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ẹ ó sì máa dín in kù ni ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ láti inú ìdánrawò orí ilẹ̀.

Ohun kan wà tí ó lè jẹ gbogbo àkókò yín tán. Omi lè tutù kọjá 0°C kí ó má sì dì, nígbà tó bá sì ṣe tán, á dì lójijì, á sì ta jáde lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè darí. Nínú bàálù tí ó ní ìṣẹ́jú àáyá 22, kò sí àyè fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú kí yìnyín pẹlẹbẹ kan ti wà lórí kọ́pà ṣáájú, kí ẹ sì fi kọ́pà náà sí díẹ̀ lábẹ́ 0°C tí yìnyín kò ní máa dàgbà tí kò sì ní máa yọ́. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá ti rí i fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan pé ìwúwo ti lọ, kí kọ̀ǹpútà kékeré inú àpótí fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú kọ́pà tutù. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ènìyàn sí i. Kí kámẹ́rà máa ya ojú yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí yìnyín orí ilẹ̀ parí sí àti ibi tí ti òkè ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ISS pàápàá, ìdákẹ́jẹ́ kò pé. Ènìyàn ń sáré lórí ẹ̀rọ eré ìdárayá, ọkọ̀ ń wá so mọ́ ibùdó, pọ́ǹpù ń gbọ̀n. Ẹ béèrè pé kí a ṣe dídì náà nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò bá ń sùn, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ ìgbọ̀nrìrì tí àwọn sẹ́ńsọ̀ ibùdó náà ń kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti dì

Láti ìgbà tí gbogbo àpòpọ̀ bá ti le, òòfà ilẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ mọ́. Ẹ kàn máa pa á mọ́ ní òtútù tó kọjá −20°C, nítorí pé yìnyín tó sún mọ́ ìwọ̀n yíyọ́ á máa yí padà díẹ̀díẹ̀, ihò á sì máa gbòòrò. ISS ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù MELFI tí ó lè dé −80°C. Òótọ́ ni pé òfo tó wà ní ìta ibùdó lè fa yìnyín kúrò lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ràn èrò yẹn. Mo rò pé wàhálà lásán ni, nítorí pé ẹ̀rọ gbígbẹ yàrá ìwádìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà nílẹ̀. Ẹ fi sínú rẹ̀ níbi tí agbára afẹ́fẹ́ ti kéré sí 611 Pa (pascal, òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), tí yìnyín yóò ti máa fò lọ láì kọ́kọ́ di omi, fún wákàtí 24 sí 48, títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́.

Nínú ìléru, ẹ gbé ooru sókè ní 1 sí 2°C ní ìṣẹ́jú kan títí dé 500°C, kí ẹ dúró fún wákàtí kan kí PVA lè jóná tán láì fa ara àpẹẹrẹ ya, lẹ́yìn náà 5°C ní ìṣẹ́jú kan títí dé 1,550°C, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ fún wákàtí méjì.

Fífi wé ti ilẹ̀

Láti inú àpòpọ̀ kan náà, nínú irú àpótí kan náà, pẹ̀lú ìtò òtútù kan náà, ẹ ṣe mẹ́ta nílẹ̀: ọ̀kan tí kọ́pà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀kan tí ó wà lókè, ọ̀kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo kò tó, nítorí pé ìhà kọ̀ọ̀kan ní ìdààmú tirẹ̀. Ní nǹkan bí 4°C ni omi ti wúwo jù, nítorí náà bí kọ́pà bá wà nísàlẹ̀, omi 0°C tó fúyẹ́ yóò wà lábẹ́ èyí tó wúwo jù ú lọ, yóò sì fẹ́ gòkè. Bí kọ́pà bá wà lókè, omi náà á fara balẹ̀ níwájú yìnyín, ṣùgbọ́n àwọn hóró tí yìnyín kó jọ á máa já bọ́ ní òkìtì-òkìtì. Ti ẹ̀gbẹ́ ni ihò rẹ̀ sábà máa ń dagun jù.

Ẹ wọn iye ihò pẹ̀lú ọ̀nà Archimedes, ìyẹn wíwọn ìwúwo àpẹẹrẹ nínú afẹ́fẹ́ àti nínú omi, kí ẹ sì fi gíráàmù 3.98 fún sẹ̀ńtímítà oníhà-mẹ́ta kan ṣe ìwúwo álúmínà tí kò ní ihò. Ìyẹn kò ní fi ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì hàn, nítorí pé àpẹẹrẹ méjì lè ní iye ihò kan náà kí ìtò wọn má sì jọra. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìró àti ní ìbú, kí ẹ wọn ìbú ihò àti ìtẹ̀sí rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, kí ẹ sì rí i pé ibi tí ẹ gé jìnnà sí kọ́pà ní ìwọ̀n kan náà nínú gbogbo wọn, nítorí pé ìyára yìnyín kò dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ìyàtọ̀ láàárín ti òkè àti ti ilẹ̀ bá mọ sí apá tó sún mọ́ kọ́pà jù, ibi tí yìnyín àkọ́kọ́ wà, ẹ má ṣe kà á sí iṣẹ́ òòfà ilẹ̀. Ẹ gé apá yẹn sọnù, kí ẹ sì tún ìyókù wọn.